Òórùn Iná Nínú Orí Onímú

"Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní tún un sọ: kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, kí ẹrù rẹ ti kúrò nínú ilé yìí."

Ìyá Onímú ló ń sọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì gbójú sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, ó ń yí i lórí tábìlì, ó ń jù ú sínú páànù. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń bá wí dúró lódìkejì tábìlì, ó ń fi òróró pa inú àwọn páànù náà. Nílé búrẹ́dì, ìjà kì í dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ máa jà, ẹ sì máa pò, nítorí ìyẹ̀fun tó ti wú kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bínú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?"

"Bi ara rẹ."

"Mo ti bi ara mi mà. Ara mi ò dáhùn."

"Ṣé o rí i? Ẹnu. Ẹnu yẹn náà lo fi bá ọmọ mi gbé, tó fi wó lulẹ̀ níwájú ààrò bí àpò ìyẹ̀fun."

Ìyàwó fa páànù mìíràn sọ́dọ̀. Oyún rẹ̀ ti yọ dé ibi pé ó ń kan etí tábìlì, àfi kó fi ẹ̀gbẹ́ dúró kó tó lè nawọ́. Ìyá rí i. Ó ti ń rí i láti àárọ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó gbójú sókè.

Onímú kọ́ ni wọ́n sọ ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Imú rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti gba ilé búrẹ́dì náà, kò sẹ́ni tó ń wo àkókò níbẹ̀. Onímú á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa èémí, á ní, "Ó ti jinná," wọn á fa páànù jáde, búrẹ́dì á sì pọ́n dáadáa. Ìyá rẹ̀ a máa fọ́nnu pé ọmọ òun ń gbọ́ òórùn iná kí wọ́n tó ṣáná. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún kan ni Onímú ti máa ń ṣàdédé dúró, ojú rẹ̀ á lọ sí ọ̀nà jíjìn, á máa fi ahọ́n lá ètè, á wá pariwo pé, "Ó ń jóná! Ẹ fà á!" Wọn á fà á. Búrẹ́dì á funfun lójú, inú rẹ̀ á rọ̀ bí amọ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

Nílé ẹlòmíràn, wọn ì bá ti sọ pé nǹkan ń ṣe imú. Nílé yìí, imú kì í ṣìnà. Bí imú bá ní nǹkan ń jóná tí kò sì sí ohun tó ń jóná, á jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fọwọ́ kan ààrò. Ìyàwó ló wá lọ ra aago kan, tó gbé e kọ́ ara ògiri, tó ní, "Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i mà, kò tíì tó." Ọ̀ràn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn nìyẹn. Obìnrin tó gbé aago dojú kọ imú ọkọ rẹ̀, kí ló ń wá?

Rédíò, obìnrin tó ń gbé ìdojúkọ wọn, wọlé wá ra búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mìíràn, òun náà ò sì bínú sí i. Ìròyìn tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, wọn á ti máa fi mu tíì ní òpin àdúgbò kí oòrùn tó mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Onímú wa ńkọ́?"

"Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ni Ìyá wí. "Òní ni dókítà fẹ́ sọ ohun tí fọ́tò orí rẹ̀ wí."

Rédíò wo Ìyàwó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá kọjú sí búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Fọ́tò kẹ̀? Kí ni fọ́tò fẹ́ rí tí ojú ò tíì rí? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ọmọ mi ò kú o!"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Òwe ni mo pa. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò dárúkọ mà," ni Ìyàwó wí, "àmọ́ búrẹ́dì yẹn lẹ nà sí mi láti ìgbà tí ẹ ti dé."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá àgbà lóhùn!" Rédíò fi ìka tẹ búrẹ́dì náà, inú rẹ̀ sì dùn sí i. "Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ yìí mà jinná o. Ó ti pẹ́ tí a ti jẹ irú rẹ̀ kẹ́yìn níbí."

Láti ọjọ́ tí Onímú ti wà lọ́sibítù, aago ni wọ́n ń wò. Ìyá mọ̀. Ìyàwó mọ̀ pé Ìyá mọ̀. Ìyá gé ìyẹ̀fun tó kù, ó gé e ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbúrò Onímú fun fèrè ọkọ̀ níta. Mẹkáníìkì ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi tí wọ́n á fi rí ohun mìíràn pè é. Ọkọ̀ oníbàárà ló gbé wá, ó ní òun ń dán bíréèkì rẹ̀ wò.

"Gbé àpò ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ sí bọ́ọ̀tù," ni Ìyá wí fún un. "Dókítà ní kí ẹni tó ń bá a sùn nínú yàrá wá, ìyẹn ló ṣe máa tẹ̀ lé wa. Bó bá ti parí, ilé bàbá rẹ̀ la ó já a sí. Kó lọ bímọ síbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ sí i?"

"Ẹni orí ń fọ́ kì í dájọ́."

Ìyàwó wọlé, kò sì pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú àpò náà. Ó yá jù. Ẹni tó bá ní ojú á mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àpò yẹn ti wà ní dídì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹkáníìkì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé ó máa wúwo, kò wúwo.

Lọ́sibítù, àwọn èèyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì gígùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àtẹ̀gùn. Àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń jẹun, bàbá kan ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí pé wọ́n ti pe ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kọjá láàárín wọn pẹ̀lú búrẹ́dì tó fi aṣọ wé mọ́ àyà. Onímú jókòó sórí àga onítáyà, wọ́n ti múra fún un. Ó rù. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ wá ìyàwó rẹ̀ kí ó tó kí ìyá rẹ̀, Ìyá sì rí ìyẹn pẹ̀lú.

"Jẹun," ni Ìyá wí. "Tòní ni."

Onímú gbé búrẹ́dì náà símú. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ta ló fà á jáde?"

"Àwa náà ni."

"Ó jinná." Ó gbé e lé itan. "Òórùn iná yẹn tún wá lóru. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní nǹkan ń jóná ní yàrá ìdáná. Ó lọ wò ó nítorí mi, ó padà wá, ó ní iná ti kú níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n ní orí burúkú kì í wú tuulu. Ó jọ pé tèmi wú, inú ló wú sí."

"Pa ẹnu rẹ dé," ni Ìyá wí, ṣùgbọ́n Mẹkáníìkì ti bú sẹ́rìn-ín, Ìyàwó náà sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Yàrá dókítà kéré. Tábìlì kan, àga díẹ̀, kọ̀ǹpútà kan tó kọjú sí ògiri. Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò tíì sùn. Kò fi ìkíni gígùn ṣòfò. Ó kọ́kọ́ kọjú sí Ìyàwó.

"Nígbà tí òórùn yẹn bá dé sí i, báwo ló ṣe máa ń rí?"

Ìyàwó wo Ìyá, ó wo ilẹ̀. "Á dákẹ́ mà. Tí mo bá pè é, kò ní gbọ́. Á máa lá ètè, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Lẹ́yìn náà á ní nǹkan ń jóná. Tó bá kọjá, kì í rántí pé òun dákẹ́."

"Ìgbà wo lo ti ń rí i?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbé aago kọ́ mà. Mo rò pé mo máa fi hàn án pé kò tíì tó àkókò. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti búrẹ́dì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Dókítà mi orí. Ó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ wọn.

Orí Onímú ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì sí méjì tó sì ń wo inú rẹ̀. Ìyá ò retí ìyẹn. Ó ti rò pé eegun lòun máa rí. Ohun tó rí ni ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, gbogbo rẹ̀ ká wọnú ara wọn láìsí ibi tí ó ṣófo, apá ọ̀tún jọ apá òsì, bí ẹni pé ẹnì kan fi sùúrù ká a. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítòsí etí, nǹkan funfun kan wà tí kò jọ èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Kókó ni," ni Dókítà wí. "Ibi tó wà súnmọ́ ibi tí ọpọlọ ti ń mọ òórùn. Bó bá ń yọ ibẹ̀ lẹ́nu, ọkùnrin yìí á gbọ́ òórùn ohun tí kò sí. Ohun kan náà ló mú un ṣubú."

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ béèrè. "Ìgbà wo ló débẹ̀?"

"Mi ò lè sọ ọjọ́. Irú rẹ̀ kì í sáré. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà. Ó lè ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó fura."

Níta, bàbá yẹn ṣì ń bá nọ́ọ̀sì jà.

Ọdún mẹ́wàá. Ìyá ò nílò ẹni tó máa bá a ṣírò rẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì tẹ̀ rí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọmọ tó ti ń ṣàìsàn kí àjẹ́ tó dé àdúgbò ńkọ́? Wọn ò pa òwe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń lé nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dúró. Mẹkáníìkì fọwọ́ gbá orí itan. "Ìgbà yẹn gan-an ló wà lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà! Ìyá, ẹ rántí? Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ kó gba òmìnira. Mo sọ ọ́ nígbà náà!"

"Bàbá tó ti kú," ni Onímú wí láti orí àga rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ẹ gbọ́ mi ná," ni Dókítà wí. Kò bínú, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi sú u. "Kì í ṣe pé ẹnì kan fi í síbẹ̀. A ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dájú, mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fura sí."

Ó fi bírò kan àárín fọ́tò náà, níbi tí ihò dúdú méjì ti kọjú síra bí apá ẹyẹ.

"Yàrá nìyí. Gbogbo wa la ní in. Omi ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a wà nínú oyún, ara ògiri yàrá yìí ni àwọn tó kọ́ ọpọlọ ti jáde wá."

"Àwọn wo?" ni Ìyá béèrè.

"Sẹ́ẹ̀lì. Ẹyọ kéékèèké tí ara fi mọ ara rẹ̀, ojú lásán ò rí i. Èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ dà. Á pín sí méjì. Ọ̀kan á lọ, á di èyí tí a fi ń rántí, tàbí èyí tí a fi ń gbọ́ òórùn, tàbí èyí tó ń tọ́jú wọn. Èkejì á dúró bó ṣe wà, kí iṣẹ́ ọ̀la lè rí ohun tó máa ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ìyá tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí ìyẹ̀fun àná."

"Báwo ni mà?"

"A kì í yan án tán. Tí a bá pò ó lónìí, a máa ń gé díẹ̀ pamọ́, a ò ní yan án. Òun ni a máa fi wú ti ọ̀la. Tí wọ́n bá wí fún ọ pé búrẹ́dì òní ni, ti òní kọ́. Ọdún tí mo ti dé ilé búrẹ́dì yẹn ló ṣì wà nínú rẹ̀."

"Ó jọ ọ́ dáadáa," ni Dókítà wí, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè wo obìnrin náà. "Tí wọ́n bá kọ́ ọpọlọ tán, ọ̀pọ̀ wọn á tán pẹ̀lú rẹ̀. Díẹ̀ á ṣẹ́kù. Àwọn mìíràn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu ohun tí wọ́n máa dà á fọ́n káàkiri inú ọpọlọ, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á máa tún un ṣe. Ohun tí a ń fura sí ni pé nǹkan yí padà nínú ẹyọ kan ṣoṣo lára irú wọn, tí kò fi gbọ́ pé iṣẹ́ ti tán. Ó ń kọ́ lọ. Kì í ṣe ọ̀tá. Ọmọ ilé ni. Kò kàn mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ìyá ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àwọn èèyàn nìkan ló sì ti ń gbọ́ nínú rẹ̀: ìyàwó, orogún, àna. Kò tíì gbọ́ ẹ̀fọ́ rí.

Ṣùgbọ́n etí Mẹkáníìkì ti mú ibòmíràn. "Nínú oyún kẹ̀?" ni ó wí. Kò ní i lọ́kàn. Ojú rẹ̀ kàn yí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ojú ṣe máa ń yí sí ẹni tó kàn, nítorí pé láti àárọ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá ẹnì kan, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì kù tí wọn ò tíì kàn.

Ìyá rí ojú náà. Òun ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn bẹ́ẹ̀.

"Ṣé inú mi lẹ wá ń wò báyìí?"

Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Ohun tó sọ fún ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀, "Bi ara rẹ," ó ti padà wá jókòó tì í, òun náà sì bi ara rẹ̀, ara rẹ̀ ò dáhùn.

Ìyàwó ló dá sí i. Kò wo Ìyá. Dókítà ló kọjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tí ẹ sọ yìí, ṣé wọ́n wà nínú orí tèmi náà?"

"Wọ́n wà."

"Ti Mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Níbo ni wọ́n rí àyè láàárín ọtí àti bọ́ọ̀lù?" ni Onímú wí, kò sì sẹ́ni tó lè má rẹ́rìn-ín.

"Ti ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́ mà?" ni Ìyàwó béèrè.

"Tèmi náà." Dókítà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ọmọdé. "Ti ọba, ti alágbe. Tí wọn ò bá sí, kò lè sí orí."

"Ẹ ṣé mà," ni Ìyàwó wí.

Ìyá gbé ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀, láìmọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rántí àwùjẹ̀ ọmọ yìí nígbà tó wà ní ìkókó, bó ṣe máa ń lù kìkì lábẹ́ ìka òun tí òun bá ń wẹ̀ ẹ́. Ó máa ń bẹ̀rù láti tẹ ibẹ̀. Ó rò nígbà náà pé ẹ̀mí ló ń lù. Kò mọ̀ pé lábẹ́ ìka òun, níbi tó rọ̀ yẹn, ogunlọ́gọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń pín, wọ́n ń lọ, wọ́n ń dúró, kò sẹ́ni tó rán wọn, kò sẹ́ni tó ń pariwo lé wọn lórí, wọ́n ń ká ìṣẹ́po lé ìṣẹ́po títí ó fi di ọmọ tó mọ̀ ọ́n ní ìyá. Ìyẹn ò jẹ́ nǹkan lójú ẹnikẹ́ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bímọ. Àfi ìgbà tí ẹyọ kan ṣoṣo ò bá dáwọ́ dúró ni a máa ń béèrè pé ta ló ṣe é. Nínú gbogbo àwọn tó dáwọ́ dúró lákòókò, nínú gbogbo orí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yẹn, tó ń sùn, tó ń jẹun, tó ń bá nọ́ọ̀sì jà, ta ló béèrè rí?

"Èyí tó wà nínú ibí yìí ńkọ́?" Ó tọ́ka sí ikùn Ìyàwó. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Irú kókó yìí kì í sábà ti ara bàbá ran ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń béèrè àwọn akọ́lé, àwọn ló wà nídìí iṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Gbogbo wọn wo ikùn náà. Ìyàwó náà wò ó, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé lọ́wọ́. Mẹkáníìkì tó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́nà fà á sẹ́yìn.

Onímú ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Dókítà, imú mi tí wọ́n ń yìn láti ọjọ́ yìí wá, ṣé tèmi ni àbí ti nǹkan yẹn?"

"Imú tó mọ ìgbà tí búrẹ́dì jinná, tìẹ ni. Èyí tó ń gbọ́ iná tí kò sí, ìyẹn kì í ṣe ti imú rárá."

"Tí ẹ bá yọ ọ́, èwo ló máa kù?"

"Mi ò lè ṣèlérí. A ó là á, a ó yọ ìwọ̀n tí a bá lè yọ láìba ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo rẹ̀ lè má jáde. A ó sì máa ṣọ́ ìyókù fún ọdún púpọ̀. Tí a bá fi í sílẹ̀, èyí tó ń rọra yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́jọ́ kan."

Onímú ronú. "Ẹ là á," ni ó wí. "Tí mi ò bá gbọ́ òórùn mọ́, màá wo aago. Mo ti fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò."

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wà pẹ̀lú rẹ̀ níbí títí di ìgbà náà," ni Dókítà wí. "Ẹni tó máa mọ̀ tí òórùn náà bá dé."

Onímú na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Mẹkáníìkì wo ìyá rẹ̀. Ìyàwó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò na ọwọ́ padà, nítorí kò tíì mọ ilé tí òun máa sùn lálẹ́.

"Lọ gbé àpò rẹ̀ wá," ni Ìyá wí.

"Ṣé ká máa wá lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ni?"

"Mo ní kí o gbé e wá síbí! Àbí ìwọ lo fẹ́ sùn tì í, ìwọ tó ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì?"

Mẹkáníìkì sáré jáde. Ìyá ò tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ti dàgbà jù láti ṣe é lọ́nà tó máa dùn gbọ́. Ó ṣe aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó dìde, ó wá béèrè láìyíjú pé, "Ti ìrọ̀lẹ́ yìí, ibo ni ọwọ́ aago máa wà kí n tó fà á jáde?"

Ìyàwó sọ ọ́ fún un. Ìyá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà tí Ìyá dé ilé, Rédíò àti àwọn obìnrin méjì kan ti gbé àga síwájú ilé búrẹ́dì. Wọ́n dìde pa pọ̀. Wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n rí i pé Ìyàwó ò sí níbẹ̀, ara sì tu wọ́n.

"Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ti já a sílé ẹ̀ nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní kókó ni. Wọ́n máa là á."

"Olúwa á bá a ṣe é. Ta wá ni wọ́n ní ó ṣe é?"

"Kò sẹ́ni."

Rédíò rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún. "Ìyá, àwa lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o. Nǹkan ò kàn lè ṣẹlẹ̀ kó má lẹ́ni tó ṣe é."

Ìyá fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Ó ya ẹnu. Yàrá omi ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí àwọn tó ń pín sí méjì? Kò mọ ọ̀rọ̀ tó tóbi tó láti fi sọ ọ́, èyí tó mọ̀ sì kéré jù.

"Ìyàwó ọmọ mi wà lọ́sibítù, òun ló ń tọ́jú ọkọ rẹ̀," ni ó wí. "Kò lọ ibì kankan, kò sì ní í lọ. Tó bá jẹ́ orúkọ lẹ jókòó dè, ẹ mú tèmi. Inú mi ni wọ́n ti kọ́ orí náà. Èmi ni mo gbà wọ́n sílé. Ẹ wá lé mi."

Ó dúró, ó ń dúró dè wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Èkejì gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀. Rédíò nìkan ló kù, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Kí ni wọ́n, àwọn tí ẹ ní ẹ gbà sílé yẹn?"

Ìyá sọ ọ́ fún un, bó ṣe lè sọ ọ́ mọ: pé àwọn kan wà, wọn ò tó nǹkan tí ojú ń rí, àwọn ló ń kọ́ orí ọmọ nínú òkùnkùn, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í gba owó iṣẹ́, àwọn díẹ̀ sì máa ń ṣẹ́kù sínú ilé tí wọ́n kọ́, títí ọjọ́ ikú onítọ̀hún.

Rédíò dẹ́kun fífi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn lọ, "ṣé wọ́n wà nínú tèmi náà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Rédíò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó rọra dì í mú, ó sì jókòó padà sórí àga rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.